Bí mo ṣe kó lẹ́tà ìjẹ́rìí mẹ́rin àti wákàtí 120 lẹ́yìn dókítà eyín jọ

Iṣẹ́ tó gba àsìkò mi jù nígbà tí mò ń wá ọ̀nà wọ ilé-ìwé dókítà eyín ní Amẹ́ríkà kì í ṣe DAT, ìdánwò ìwọlé rẹ̀. Wíwá ẹni tí yóò kọ lẹ́tà fún mi ni, àti wíwá dókítà tí yóò gbà kí n dúró ti òun kí n máa wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní shadowing. Ìwé kékeré kan tí mò ń kọ nǹkan sí ló so méjèèjì pọ̀, màá sì máa padà sórí rẹ̀.

AADSAS, ojú òpó tí ọ̀pọ̀ jù lọ ilé-ìwé eyín ń gbà fọ́ọ̀mù láti inú rẹ̀, máa ń ṣí ní oṣù Karùn-ún. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ni èèyàn lè fi fọ́ọ̀mù tó ti parí ránṣẹ́, kí ó sì wọ ilé-ìwé ní oṣù Keje tàbí Ìkẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e. Mo ka oṣù padà sẹ́yìn láti ibẹ̀. Bí lẹ́tà yóò bá wà nílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, oṣù Kejì ni kí n ti bẹ àwọn tí yóò kọ ọ́. Kí n tó lè bẹ dókítà kan, ó gbọ́dọ̀ ti mọ̀ mí dáadáa. Nítorí náà, oṣù Kẹta ọdún tó ṣáájú ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù.

Abẹ́rẹ́ ló tilẹ̀ ṣáájú fóònù. Mẹ́ta ni àjẹsára hepatitis B tí mo gbà: ọ̀kan lónìí, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta nígbà tí oṣù mẹ́fà bá pé. Ilé-ìwòsàn tó wà lábẹ́ yunifásítì tàbí ti àdúgbò lè béèrè ìwé rẹ̀, pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ife, kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ kọjá ẹnu-ọ̀nà. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí wọ́n béèrè ti pàdánù ìdajì ọdún.

Dókítà tó dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀ ló rọrùn jù láti rí. Ọ́fíìsì tó ní ẹ̀ka káàkiri sábà máa ń gba àṣẹ láti olú ilé-iṣẹ́, ìdáhùn sì máa ń pẹ́. Ẹ má pè ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nítorí gbogbo ẹni tí eyín dùn láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń pè nígbà náà. Aago mẹ́wàá àárọ̀, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀, ni mo yàn. Ẹni tó jókòó síwájú ni yóò gbé fóònù, òun ló sì ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sọ orúkọ mi àti ilé-ìwé mi, mo ní mo fẹ́ wá wo iṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rin péré, pé mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan, pé mo ti gba àjẹsára, mo sì ṣe tán láti fọwọ́ sí ìwé pé mi ò ní tú àṣírí aláìsàn. Wákàtí mẹ́rin péré yẹn ni ọgbọ́n ibẹ̀. Ẹni tó bá béèrè àádọ́ta wákàtí lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ti sọ ara rẹ̀ di ẹrù. Ọ́fíìsì 23 ni mo pè. Mẹ́rin ló gbà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí n tó kúrò, mo béèrè bóyá mo lè padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Níbo ni kí ẹ dúró sí nínú yàrá? Ohun tó ń le àwọn tuntun jù nìyí. Ẹ fojú inú ya aago yí orí aláìsàn ká: 12 wà lókè orí, 6 wà níhà ẹsẹ̀. Dókítà tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún máa ń jókòó láàárín 7 sí 12, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ wà láàárín 2 sí 4. Láàárín 4 sí 7, lókè àyà aláìsàn, ni irinṣẹ́ ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò gba ìgúnpá. Àlàfo tó kù ni 12 sí 2. Ibẹ̀ ni mo máa ń dúró, bí kò bá sí kọ́bọ́ọ̀dù ńbẹ̀. Bí ó bá wà, mo máa ń lọ sẹ́yìn olùrànlọ́wọ́. Bí dókítà bá ń lo ọwọ́ òsì, gbogbo rẹ̀ yí padà bí àwòrán inú dígí.

Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ. Àwọn kan máa ń dákú nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rí abẹ́rẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀, pàápàá ẹni tó na orúnkún rẹ̀ gan-an fún ìgbà pípẹ́ nínú ìbòmú tó gbóná. Bí òógùn tútù bá bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Kí ẹ wó lu irinṣẹ́ ni ìtìjú. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ gé èékánná, ẹ fi lọ́fíńdà sílẹ̀ nílé. Ẹ má wo iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń mú èròjà tí wọ́n fi dí ihò eyín le láìsí ààbò aláwọ̀ ọsàn níwájú ojú yín.

Wàyí o, ìwé kékeré náà. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń kọ ọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí mo bá jáde, kì í ṣe nínú yàrá. Ọjọ́, iye wákàtí, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, nọ́ńbà eyín, ìbéèrè kan tí mo bi dókítà àti èsì rẹ̀. Mi ò kọ orúkọ aláìsàn rí, nítorí òfin HIPAA ti 1996 kò fi àṣírí wọn ṣeré. Àpẹẹrẹ kan: "Eyín 30, wọ́n fẹ́ dé e ládé (ìbòrí tó ń bo orí eyín). Kí ló dé tí wọ́n fi okùn tín-ínrín yí ìdí rẹ̀ ká? Kí ẹran ìdí eyín lè sún sẹ́yìn, kí etí ibi tí wọ́n gbẹ́ lè hàn kedere nígbà tí wọ́n bá ń ya àwòkọ rẹ̀." Ẹni tó ti kọ́ nọ́ńbà eyín nílé kó ṣọ́ra níhìn-ín o. Nínú ètò FDI, èyí tí wọ́n ń lò nílé, 14 ni eyín kẹrin láti àárín, lókè, ní apá ọ̀tún aláìsàn. Ní Amẹ́ríkà, láti 1 dé 32 ni wọ́n ń kà, 14 wọn sì ni eyín kẹfà láti àárín, lókè, ní apá òsì.

Àádọ́rin nínú wákàtí 120 mi ni mo lò lọ́dọ̀ dókítà kan ṣoṣo tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ eyín. 20 lọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé, 18 lọ́dọ̀ ẹni tó ń to eyín, 12 lọ́dọ̀ oníṣẹ́-abẹ ẹnu. Ohun tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ń béèrè yàtọ̀ síra, ọgọ́rùn-ún ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lépa. Àádọ́rin lọ́dọ̀ ẹnì kan, nítorí ẹni tó rí yín ní àárọ̀ méjì kò ní ohun tí yóò kọ.

AADSAS kò gbà ju lẹ́tà mẹ́rin lọ. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì yín bá ní ìgbìmọ̀ tó ń kọ lẹ́tà fún akẹ́kọ̀ọ́, tiwọn gba ipò kan, mẹ́ta á ṣẹ́kù. Ilé-ìwé púpọ̀ fẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì méjì àti dókítà eyín kan. Ẹ ka ojú ìwé ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ka olùkọ́ ìṣirò tàbí sàíkọ́lọ́jì mọ́ sáyẹ́ǹsì. Bí bọ̀dá tàbí àǹtí yín bá jẹ́ dókítà eyín, ẹ lè lọ wo iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹbí kọ lẹ́tà.

Mo lọ bá àwọn olùkọ́ ní ọ́fíìsì wọn, mo sì bi wọ́n bóyá wọ́n lè kọ lẹ́tà tó lágbára fún mi. Ọ̀rọ̀ "tó lágbára" ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ẹni tó bá ń fà sẹ́yìn ti dáhùn, ẹ dúpẹ́ kí ẹ máa lọ. Ẹni tó gbà, mo fún un ní fáìlì kan: ìtàn iṣẹ́ mi lójú ewé kan, máàkì mi, àlàyé ìdí tí mo fi fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ohun tí mo ṣe nínú kíláàsì rẹ̀, àti ọjọ́ tí mo fẹ́ kí lẹ́tà dé. Dókítà gba ojú ewé mẹ́ta tí mo tẹ̀ jáde láti inú ìwé kékeré náà. Ọwọ́ rẹ̀ dí. Bí ẹ kò bá rán an létí ìbéèrè tí ẹ bi í nípa okùn yẹn, "ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í pẹ́ dé" ni yóò kọ.

Ẹ sọ fún wọn pé kí lẹ́tà wà lórí bébà tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́, kí ó ní ọjọ́ àti ìbuwọ́lù, kí wọ́n má sì dárúkọ ilé-ìwé kankan nínú rẹ̀, nítorí lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn yóò kà. Àṣìṣe míì tó wọ́pọ̀ ni lẹ́tà tó ń yin èèyàn fún ilé-ìwé ìṣègùn gbogbogbòò, torí pé olùkọ́ fi ti ẹlòmíì ṣe àwòkọ. Lẹ́tà tó bá ti wọlé, ẹ kò lè pààrọ̀ rẹ̀ mọ́.

Nínú fọ́ọ̀mù, ẹ tẹ orúkọ àti í-meèlì ẹni tí yóò kọ ọ́. Ojú òpó yóò fi líǹkì ránṣẹ́ sí i. Ẹ wo í-meèlì náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì sọ fún un kó wo inú àpótí spam. Wọn yóò bi yín bóyá ẹ yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ láti ka lẹ́tà náà. Mo yọ̀ǹda rẹ̀, nítorí lẹ́tà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kà kò níyì tó bẹ́ẹ̀ lójú àwọn tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ tí mo kọ síbẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí mo nílò rẹ̀ gan-an. Títọ́ tí wọ́n tọ́ wa kì í jẹ́ ká fẹ́ rán àgbà létí lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ń retí rẹ̀: mo kọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ní ọ̀sẹ̀ méjì, àti ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.

Àwọn ọmọ wa tó jẹ́ ará Texas, ní Houston àti Dallas, kó rántí pé TMDSAS, ojú òpó mìíràn tó dà bí AADSAS, ni ilé-ìwé eyín ìpínlẹ̀ náà ń lò. Lẹ́tà méjì tàbí ti ìgbìmọ̀ kan ló ń béèrè, ẹ sì lè fi ọ̀kan kún un. Ẹni tó ti gba oyè dókítà eyín nílé, BDS ní Ìbàdàn tàbí Èkó, tàbí BChD ní Ifẹ̀, kò sí lójú ọ̀nà yìí, CAAPID, ojú òpó àwọn tó ti gboyè dókítà eyín lókè òkun, ni tirẹ̀.

Mo tẹ dókítà kọ̀ọ̀kan sí ipò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú fọ́ọ̀mù AADSAS, iye wákàtí rẹ̀ lọ́tọ̀, mo sì mú àlàyé kúkúrú abẹ́ rẹ̀ láti inú ìwé kékeré. Lẹ́yìn tí fọ́ọ̀mù bá ti lọ, ẹ kò lè tún ohun tó wà níbẹ̀ ṣe, ẹ kàn lè fi tuntun kún un. Wákàtí 16 tí mo tún ṣe ní oṣù Keje, mo tẹ̀ ẹ́ sí ipò tuntun lábẹ́ orúkọ dókítà kan náà.