Bí Àdúgbò Ṣe Lè Ní Owó Tirẹ̀

Nígbà tí ọjà wà nílẹ̀, tí ẹni tó fẹ́ rà á wà, àmọ́ tí owó wọ́n lóde, owó àdúgbò, ìyẹn bébà tí ará àdúgbò jọ gbà láti máa fi rajà láàárín ara wọn, lè ṣèrànwọ́. Kò wá gbapò owó ìjọba o. Ó ń jẹ́ kí ará àdúgbò lè máa rajà lọ́wọ́ ara wọn ni.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí owó yín ń gbà jò. Ní Conjunto Palmeiras, àdúgbò mẹ̀kúnnù ní Fortaleza, Brazil, tí wọ́n ti dá bánkì àdúgbò tó ń jẹ́ Banco Palmas sílẹ̀ lọ́dún 1998, wọ́n bi ara wọn ní ohun tí kálukú ń rà àti ibi tó ti ń rà á. Owó ń wọlé; ìta ni wọ́n ti ń ná an.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó àwọn tó nílò ọjà ara wọn jọ. Olóúnjẹ á fi owó àdúgbò ra omi, olómi á fi gun ọ̀kadà, ọlọ́kadà á sì fi jẹun lọ́dọ̀ olóúnjẹ. Bó bá há sọ́wọ́ ẹnì kan, bébà lásán ni.

Onídùúró ló wá kàn, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Nígbà tí owó àdúgbò kan tó ń jẹ́ Bangla-Pesa bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013 ní àdúgbò Bangladesh ní Mombasa, Kenya, oníṣòwò mẹ́rin gbọ́dọ̀ dúró fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Iye ṣílè Kenya kan ni Bangla-Pesa kan nígbà náà, àmọ́ kò sí owó kankan ní bánkì tó tì í lẹ́yìn. Ìlérí kálukú pé òun náà á gbà á fún ọjà òun ló tì í lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ má torí ojú dúró fún ẹni tí kì í mú àdéhùn ṣẹ. Iye owó àdúgbò kan náà ni kí ẹ fún gbogbo èèyàn, kó má sì pọ̀.

Kí ẹ tó tẹ bébà kankan, ẹ rí lọ́yà. Bangla-Pesa ò tíì pẹ́ tí ọlọ́pàá fi kó Will Ruddick tó dá a sílẹ̀ àtàwọn mìíràn, wọ́n ní ayédèrú owó ni. Wọ́n padà fagi lé ẹjọ́ náà, àmọ́ ìdààmú ti bá àwọn aláìṣẹ̀. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sójú bébà pé kì í ṣe owó ìjọba, kí ẹ sì fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Tí títà bá bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi owó àdúgbò nìkan gba gbogbo owó ọjà rẹ̀. Owó ìjọba ni olóúnjẹ máa fi ra ìyẹ̀fun. Ìwọ̀n tó bá mọ̀ pé òun á rí ná láàárín yín ni kó gbà. Lóṣooṣù, kí ìgbìmọ̀ wo ẹni tó ti ṣẹ́ jọ sí lọ́wọ́, kí wọ́n bá a wá ọlọ́jà tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.