Ibi Tí Wọ́n Ti Gé Ẹran Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Ìtọ́sọ́nà fún Síse Ẹran Màlúù Oríṣiríṣi Ilẹ̀ Nílé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ka bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè kan, tí wọ́n á wá gbogbo èròjà rẹ̀ pé, síbẹ̀ tí ẹran náà á le bí awọ. Èròjà kọ́ ló sábà máa ń fà á. Ibi tí wọ́n ti gé ẹran náà lára màlúù ni kò bá irú iná tí wọ́n fi sè é mu. Nítorí náà, kí ẹ tó yan oúnjẹ, ẹ yẹ ẹran tó wà lọ́wọ́ yín wò.

Àwọn ibi tí màlúù ń lò ṣiṣẹ́ jù, bí ọrùn, èjìká, àyà, ẹsẹ̀ àti ìrù, kún fún fọ́nrán líle tó ń jẹ́ collagen. Bí ẹran bá gbóná dé nǹkan bí 70°C tó sì pẹ́ níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, fọ́nrán yìí á yọ́, á di jẹ́látìn, òun ló sì ń mú ọbẹ̀ ki. Ṣùgbọ́n ẹran ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, kì í ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ó rọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá se irú rẹ̀ fún wákàtí méjì, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ẹran líle: iná jẹ́jẹ́ àti sùúrù

Gulyás, ọbẹ̀ ẹran ilẹ̀ Hungary, ni mo máa ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nímọ̀ràn pé kó fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn darandaran ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìkòkò kan ṣoṣo sì tó o. Fún kílò 1 ẹran ẹsẹ̀ tàbí èjìká, ẹ gé àlùbọ́sà ńlá 3, kí ẹ dín in nínú ọ̀rá lórí iná kékeré títí á fi rọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìkòkò kúrò lórí iná kí ẹ tó da paprika sí i, ìyẹn ata pupa gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná. Ṣúgà wà nínú ata yìí, kíá ló ń jóná, bó bá sì ti jóná, gbogbo ìkòkò á korò, kò sí ohun tí ẹ lè fi tún un ṣe mọ́. Ẹ kó ẹran sí i, ẹ bu omi lé e, kí ẹ dá a padà sórí iná. Ẹ jẹ́ kó máa hó díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 2 sí 2½. Nígbà tó bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, ẹ kó ànàmọ́ òyìnbó sí i.

Bœuf bourguignon ti agbègbè Burgundy ní ilẹ̀ Faransé kò yàtọ̀ púpọ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ dín ẹran títí ara rẹ̀ á fi pọ́n, kí ẹ tó da wáìnì pupa, kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà àti olú sí i. Ẹni tí kì í fẹnu kan ọtí lè lo omi ẹran pẹ̀lú fínígà díẹ̀. Adùn rẹ̀ á yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹran á rọ̀ bákan náà.

Ti rendang ló gbàfiyèsí jù lójú mi. Àwọn ará Minangkabau ní ìwọ̀ oòrùn Sumatra, ní Indonesia, ló ni ín. Àwọn ará Faransé ń dín ẹran kí wọ́n tó fi omi sè é. Àwọn ará Minangkabau ń fi omi sè é kí wọ́n tó dín in. Ẹ lọ aáyù, àlùbọ́sà pupa kéékèèké, atalẹ̀, galangal (gbòǹgbò kan tó jọ atalẹ̀), ata ilẹ̀ pupa àti ata tútù pọ̀. Ẹ dà á sínú wàrà àgbọn lítà 1 fún kílò 1 ẹran èjìká tàbí itan, kí ẹ sì kó ẹran náà àti koríko ọba tí ẹ ti tẹ̀ fọ́ sí i. Níbẹ̀rẹ̀, ọbẹ̀ funfun olómi ni. Bó bá pẹ́ díẹ̀, á ki, á sì pọ́n. Lẹ́yìn wákàtí 3 tàbí 4, omi á gbẹ tán, òróró àgbọn á yọ sórí, ẹran náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín nínú òróró yẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sáré gbé e kalẹ̀ nìyí, nítorí wọ́n rò pé ó ti jinná. Òótọ́ ni pé ó ti jinná, ṣùgbọ́n kò tíì di rendang. Ẹ dín iná kù, ẹ máa rò ó láìdúró kó má baà lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, títí yóò fi dúdú tí èròjà á sì lẹ̀ mọ́ ara ẹran. Gbígbẹ tó gbẹ yìí ló jẹ́ kó máa pẹ́ kó tó bàjẹ́ ju ọbẹ̀ olómi lọ.

Ẹran rírọ̀: iná tó le, àkókò kúkúrú

Fún bulgogi, ẹran pẹlẹbẹ díndín ti ilẹ̀ Kòríà, ẹ fi ẹran ẹ̀yìn sínú fírísà fún nǹkan bíi wákàtí kan kó lè le díẹ̀, ọ̀bẹ á lè gé e pẹlẹbẹ. Ẹ wo ojú ẹran dáadáa: ẹ ó rí àwọn ìlà tó tò lọ sí apá kan. Ẹ gé wọn ní ìbú, ẹ má ṣe bá ìlà náà lọ. Gígé lásán yìí ń sọ fọ́nrán ẹran di kúkúrú, eyín á sì rí i jẹ. Ẹ po sọ́ọ̀sì sóyà, ṣúgà, aáyù, òróró yánmọtí àti èso píà (kì í ṣe píà tí à ń pè ní avocado) tí ẹ rin pọ̀, kí ẹ fi ẹran sínú rẹ̀ nínú fíríìjì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30.

Ẹ jẹ́ kí páànù gbóná gan-an, kí ẹ sì máa dín in díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, omi á ya lára ẹran, á máa hó dípò kó dín. Ohun kan náà ló kan stroganoff, ẹran díndín inú ọbẹ̀ wàrà kíkan ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Níbẹ̀, ẹ̀yìn tí ẹ bá ti gbé páànù kúrò lórí iná ni kí ẹ da wàrà kíkan sí i, kó má baà ṣù.

Ẹran lílọ̀

Nínú bobotie ti South Africa, wọ́n ń po ẹran lílọ̀ mọ́ kọ́rì àti búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú wàrà, wọ́n á da ẹyin àti wàrà lù lé e, wọ́n á sì yan án nínú ààrò. Ẹ má fi ẹran lílọ̀ ṣeré rárá. Ara òde ẹran odindi ni kòkòrò àrùn sábà máa ń wà, iná sì ń tètè débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìlọta ti kó ti òde wọ inú. Inú ẹran lílọ̀ gbọ́dọ̀ gbóná dé 71°C. Fún ègé odindi, 63°C tó, bó bá sinmi fún ìṣẹ́jú 3 kí ẹ tó gé e. Ẹ lo òṣùwọ̀n ìgbóná. Àwọ̀ ẹran lè tàn yín jẹ.

Bí ẹ bá pa màlúù fúnra yín

Láàárín ọjọ́ kan tí wọ́n pa màlúù, iṣan rẹ̀ máa ń gan, ẹran náà á sì le. Bí ẹ bá ní yàrá títutù tí kò gbóná ju 4°C lọ, ẹ gbé e kọ́ fún ọjọ́ 7 sí 14, yóò rọ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí òtútù tó ṣeé gbára lé, ẹ má dán an wò. Ẹ tètè sè é bí ẹran líle.

Ẹ má fi omi ṣan ẹran tútù nínú báàsì ìfọwọ́, omi tó ń ta ń gbé kòkòrò káàkiri. Ẹ má da omi èròjà tí ẹ fi rẹ ẹran tútù lé ẹran jíjinná lórí, àfi bó bá ti hó dáadáa. Oúnjẹ tó kù gbọ́dọ̀ wọ fíríìjì kó tó pé wákàtí 2, nínú abọ́ pẹlẹbẹ kó lè tètè tutù. Bí ẹ bá ń gbé e kaná padà, ẹ jẹ́ kó dé 74°C. Gulyás àti rendang máa ń dùn sí i lọ́jọ́ kejì. Bulgogi ní tirẹ̀, ìba tí ilé lè jẹ tán ní ìjókòó kan ni kí ẹ dín.