Pátá nǹkan oṣù: ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ ó máa sá a sí

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí pátá nǹkan oṣù, ìyẹn pátá tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń fa ẹ̀jẹ̀ mu dípò páàdì, tí a sì ń fọ̀ tún lò, ni okùn tí ẹ ń sá aṣọ sí. Ṣé oòrùn ń débẹ̀? Ṣé ọkàn yín á balẹ̀ láti fi pátá síbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó kù sọ́wọ́ yín láti rà á. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí ìyẹn ná. Pátá yìí nípọn nísàlẹ̀. Tí kò bá gbẹ dénú, á hu, á máa rùn, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin tí mo mọ̀ tí wọ́n rà á tí wọ́n sì pa á tì, ìṣòro gbígbẹ ló lé wọn sá, kì í ṣe pé ó jò.

Télọ̀ ni mí ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn níbí. Ìdí máṣíìnì ni mo máa ń jókòó sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Nǹkan oṣù mi máa ń pọ̀ lọ́jọ́ kejì, páàdì sì máa ń bó mi nítan nígbà ooru débi pé ìrìn á di wàhálà. Owó rẹ̀ náà ò ṣeé fẹnu sọ mọ́. Èyí tí à ń rà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́jọ́ kan ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan kọ́ ni mò ń lò ó nínú ilé wa. Àbúrò mi tó wà ní Manchester ló kọ́kọ́ fi pátá yìí ránṣẹ́ sí mi. Lọ́hùn-ún, ìjọba yọ owó orí VAT kúrò lórí páàdì ní oṣù kìíní ọdún 2021, ṣùgbọ́n wọ́n ka pátá sí aṣọ, wọn ò yọ tiẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́. Nítorí náà, tí ẹ bá lẹ́ni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bọ̀ wálé, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín mú ọ̀kan bọ̀. Wọ́n ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbí náà, àmọ́ ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Bí ẹ ṣe máa mọ ojúlówó nìyí. Ẹ yí i síta. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibi tó wọ àárín itan, kì í ṣe aṣọ ẹyọ kan. Èyí tó kan ara jẹ́ òwú tàbí aṣọ tí wọ́n fi ọparun ṣe, ó fẹ́lẹ́, ó sì máa ń tètè fa omi. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ nípọn, òun ló ń gba ẹ̀jẹ̀ dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni aṣọ kan tí wọ́n fi ọ̀rá tín-ín-rín lẹ̀ lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní PUL; òun ni kì í jẹ́ kó jò síta. Aṣọ ìta ló wá kẹ́yìn. Tí ẹ bá fi ìka méjì mú ìsàlẹ̀ náà tí ẹ fi ń ra ara wọn, ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan kan ń yọ̀ láàárín. Tó bá jẹ́ òwú lásán ni wọ́n ṣẹ́ po, pátá lásán ni wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Ẹ wá wo ojú rírán rẹ̀. Iṣẹ́ mi lèyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ máṣíìnì bá ti gún, ihò ló dá sí ọ̀rá yẹn, òwú ìránṣọ náà á sì máa fa omi gba inú ihò náà jáde. Tí ẹ bá rí i tí wọ́n rán an gba àárín gbùngbùn ìsàlẹ̀ náà kọjá, bóyá wọ́n tiẹ̀ rán òdòdó sí i kó lè rẹwà, ẹ gbé e sílẹ̀. Etí nìkan ló yẹ kí òwú gbà yí i ká. Ẹ fa rọ́bà etí itan, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀: ó gbọ́dọ̀ padà kíá. Ẹ má sì ra òkìríkà rẹ̀ láéláé, bó ti wù kó mọ́ tó lójú. Ẹ ò mọ ẹni tó lò ó, ẹ ò sì mọ̀ bóyá ọ̀rá inú rẹ̀ ti là.

Ní ti ìwọ̀n, ẹ má tẹ̀ lé lẹ́tà tó wà lára rẹ̀. L ti orílẹ̀-èdè kan lè jẹ́ S ti òmíràn. Ẹ fi téèpù wọn ìbàdí yín àti ibi tí ìdí ti tóbi jù, kí ẹ fi wé òǹkà sẹ̀ǹtímítà tí ẹni tó ń tà á kọ síbẹ̀. Tí kò bá kọ ọ́, ẹ ní kó wọ̀n ọ́n fún yín. Pátá yìí gbọ́dọ̀ mọ́ra gírígírí láìfún yín. Tí àyè bá wà ní etí itan, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ á gbà jáde, bí aṣọ inú rẹ̀ tilẹ̀ lè fa omi tó kún ife. Èyí tí ẹ ó fi máa sùn, ẹ wò ó pé ibi tó nípọn náà gùn lọ sẹ́yìn dé òkè ìdí.

Mo tún fẹ́ kí ẹ béèrè nípa kẹ́míkà. Àwọn kan máa ń lo irú èyí tí wọ́n ń pè ní PFAS, kí omi má bàa wọ aṣọ. Kì í tètè kúrò lára èèyàn, kì í sì í tètè bàjẹ́ nínú ilẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn oníbàárà gbé iléeṣẹ́ kan lọ sí kóòtù lórí rẹ̀, iléeṣẹ́ náà sì gbà láti san owó fún wọn kí ẹjọ́ náà lè parí. Èyí tí wọ́n bá kọ ọ́ sí lára gbangba pé kò sí PFAS nínú rẹ̀ ni kí ẹ mú.

Ẹyọ kan péré ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Àwọn tó ń tà á á ní kí ẹ kó odidi páálí, wọ́n á ní ó dínwó. Ẹ má dá wọn lóhùn. Tí ẹ bá délé, ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mejì kí ẹ tó wọ̀ ọ́, torí tuntun kì í tíì fa omi dáadáa. Ẹ wá tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí ẹ fi páálí funfun tàbí bébà ìnuwọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì bu omi lé e lórí díẹ̀díẹ̀. Ṣíbí kan jẹ́ nǹkan bíi mílílítà márùn-ún. Ẹ máa wo bí omi náà ṣe ń ṣe: ẹyọ ṣíbí àkọ́kọ́ lè kọ́kọ́ jókòó róbótó sórí aṣọ kó tó rì wọlé, tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó yẹ kó máa wọlé bó ṣe ń kàn án. Lẹ́yìn ṣíbí mẹ́rin, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ gbé e, kí ẹ wo bébà náà. Tó bá gbẹ, ẹ ti ra ọjà gidi. Ẹ̀rù á sì kúrò lára yín tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń rí látìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ títí tó fi máa dá kò ju nǹkan bíi 30 sí 40 mílílítà lọ, ìyẹn ṣíbí mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá ń lọ sílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, nínú ilé, lọ́jọ́ tí ẹ ò ní jáde. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ fi sùn, kí ẹ tẹ́ tọ́wẹ̀ẹ̀lì sórí bẹ́ẹ̀dì kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ti mọ ìwà rẹ̀ ni kí ẹ tó wọ̀ ọ́ jáde lọ́jọ́ kejì tó máa ń pọ̀. Ẹ má lẹ páàdì mọ́ ọn o. Gọ́ọ̀mù páàdì á ba aṣọ náà jẹ́, kò sì ní jẹ́ kó rí nǹkan fà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ṣiṣẹ́ bíi tèmi, ẹ fiyè sí èyí. Tí ìdí bá tẹ aṣọ tó ti mu ẹ̀jẹ̀ mọ́ àga fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń fún un padà sókè, ara á wá bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n pé ó tutù. Kò tíì jò, àmọ́ ó ti tó pààrọ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé ó lè lo wákàtí méjìlá. Lọ́jọ́ tó bá pọ̀, èmi kì í jẹ́ kó ju wákàtí mẹ́fà lọ lára mi. Ọ̀sán ni mo máa ń pààrọ̀. Ìró tàbí síkẹ́ẹ̀tì ló rọrùn jù lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tó wọ ṣòkòtò ní láti bọ́ ọ kúrò lẹ́sẹ̀ pátápátá nínú ilé ìyàgbẹ́ kó tó lè pààrọ̀. Ẹ mú àpò kékeré kan tí omi kì í jáde nínú rẹ̀ dání fún èyí tí ẹ bá bọ́. Ẹ ká a sínú, kí apá tó tutù wà láàárín.

Ọ̀rọ̀ fífọ̀ ló kàn. Omi tútù ni. Omi gbígbóná máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ aṣọ, kò sì ní kúrò mọ́. Bí ẹ bá ti bọ́ ọ, ẹ rì í bọnú omi tútù nínú korobá tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ fún un. Omi àkọ́kọ́ á pọ́n, ẹ dà á nù. Ẹ bu òmíràn, ẹ tún fún un. Ẹ ó máa rí i tí pípọ́n náà ń ṣí, títí omi á fi mọ́ tí ẹ ó fi rí ìdí korobá kedere. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fi ọṣẹ kàn án. Ẹni tó bá ń ra omi lè ṣe é níbi tó ti ń wẹ̀: ẹ jù ú sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ yín, omi ìwẹ̀ yín á máa ṣàn lé e lórí, ẹ ó sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò sí omi kan tó ṣòfò níbẹ̀.

Ọṣẹ díẹ̀ tó. Ẹ má fi jíìkì sí i, á jẹ ọ̀rá inú rẹ̀ àti rọ́bà rẹ̀. Ẹ má fi omi olóòórùn dídùn tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i, á bo ojú aṣọ náà, kò sì ní lè fa omi mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kó sun inú omi mọ́jú. Tó bá ní òórùn tí kò lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ọṣẹ tí ẹ ò ṣàn kúrò dáadáa ló kó sínú rẹ̀. Ẹ máa fi omi lásán ṣàn án títí kò fi ní hó mọ́.

Mo ti dé ibi tí mò ń lọ báyìí, ìyẹn sísá. Àkísà ni ìyá mi lò. Ìró tó bá ti gbó ni wọ́n máa ń ya, tí wọ́n á ṣẹ́ po, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n sì ń sá a sí nínú òkùnkùn kí ojú ọkùnrin má bàa rí i. Ojú yẹn náà ni ọ̀pọ̀ wa ṣì fi ń wo pátá yìí. Àwọn kan ń tijú, àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ayé lè mú un fi ṣe wọ́n ní jàǹbá. Mi ò ní fi ẹ̀rù ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lójú ẹni tó bá ń kọjá, pátá dúdú lásán ni, kò yàtọ̀ sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí okùn. Ẹ yí inú rẹ̀ síta kí oòrùn lè bá ibi tó nípọn. Tí ọkàn yín ò bá gbà á, ẹ ta gèlè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó, atẹ́gùn á ṣì rí i fẹ́. Ẹni tó ń gbé ilé ọlọ́pọ̀ yàrá lè so okùn kékeré mọ́ ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀.

Nígbà ọyẹ́, kì í pẹ́ gbẹ rárá. Nígbà òjò ni iṣẹ́ wà, pàápàá oṣù keje. Ẹ tẹ́ ẹ sínú tọ́wẹ̀ẹ̀lì gbígbẹ, ẹ ká a pọ̀, kí ẹ kúnlẹ̀ lé e, tọ́wẹ̀ẹ̀lì náà á fa omi rẹ̀ tó pọ̀. Ẹ wá fi kọ́ síwájú fáànù nígbà tí iná bá wà. Ó lè tó ọjọ́ méjì kó tó gbẹ, torí náà pátá tó lè tó yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè má tó yín nígbà òjò. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù kàn án, ẹ má sì fi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ìdáná. Ọ̀rá náà á wú, á sì là. Kí ẹ tó kó o sínú àpótí, ẹ tẹ ibi tó nípọn mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Tó bá ṣì tutù lẹ́rẹ̀kẹ́, kò tíì gbẹ.

Àwọn kan ń bi mí pé ṣé mi ò lè máa rán an tà. Mo ti wá aṣọ PUL kiri ọjà Gbági, mi ò rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn, mi ò sì ní fi ọ̀rá aṣọ òjò rán nǹkan tí obìnrin máa wọ̀ sójú ara nínú ooru.

Ẹni tó bá jẹ́ pé láàárín wákàtí kan sí méjì ni páàdì rẹ̀ ń kún, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dídì ńláńlá ń jáde, tàbí tó ń ju ọjọ́ méje lọ, kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Ó lè jẹ́ ìju, ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ á sì máa dín kù láìmọ̀. Pátá kankan kò lè ràn án lọ́wọ́ lórí ìyẹn.

Ọmọbìnrin tó bá wà nílé ìwé tí wọ́n ń gbé inú ọgbà, páàdì ni kí ẹ máa dì fún un. Àwọn ọmọ pọ̀ nínú yàrá kan, omi lè má tó, kò sì síbi tó fẹ́ sá pátá sí tí wọn ò ní fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Tó bá wálé lákòókò ìsinmi, ẹ fún un ní ọ̀kan kó fi sùn, kí ẹ sì jẹ́ kó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ níṣojú yín.