Bí A Ṣe Ṣètò Ìkówójọ Ìparí Ọdún ní Kétu

Owó tí ẹgbẹ́ wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ń wá fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ 300,000 sẹ́fà: ìwé, bíìkì ìkọ̀wé àti àpò fún ọmọ 60, ká fi 5,000 sí orí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Oṣù kẹsàn-án ni ilé-ẹ̀kọ́ ń wọlé, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá dúró di ìgbà náà kó tó tọrọ, ọwọ́ òfìfo ni yóò bá, torí owó ọmọ tirẹ̀ ni kálukú ń wá kiri. Ìdí nìyí tí a fi mú Sátidé tó wà láàrin Kérésì àti ọdún tuntun. Òjò ti dá, àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì ti di owó, àwọn ọmọ Kétu tó wà ní Kútọnu àti Èkó sì ti wálé. Kí a tó kéde ọjọ́, a wádìí lọ́dọ̀ àwọn ìjọ, mọ́sálásí àti àwọn olórí àdúgbò bóyá òkú ńlá kan wà ní Sátidé yẹn. Kò sí ìkówójọ tó lè bá ìnáwó òkú du èrò.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé oúnjẹ títà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìrẹsì kílò 25, bí a bá wọn gíráàmù 120 fún ẹnì kan, abọ́ 200 àti díẹ̀ ni. Bí ìrẹsì, òróró, ẹja àti igi bá jẹ́ 350 lórí abọ́ kan, tí a tà á ní 500, èrè abọ́ 200 jẹ́ 30,000, owó ọmọ mẹ́fà péré. Oúnjẹ wà láti pe èrò. Owó gidi gbọ́dọ̀ ti wọlé kí ọjọ́ tó kò.

Nítorí náà, láti oṣù kẹwàá la ti ń lọ bá àwọn tí yóò ṣe alága. A kì í kàn fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àgbà. Ẹni méjì ló ń lọ, ọ̀kan nínú wọn á sì jẹ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ nílé náà. “Ẹ ṣàánú wa” kò mú nǹkan kan wá. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni: “Bàbá wa, 5,000 ló ń ra ẹrù ọmọ kan. Ọmọ mélòó ni ká kọ sí orúkọ yín?” Ìgbà tí owó ọmọ 40 ti wọlé, kì í ṣe ìlérí o, la tó lọ háyà àtíbàbà àti àga.

Owó gbígbà ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. A lo ìwé rìsíìtì oní nọ́ńbà, aláwẹ́ méjì: ẹni tó sanwó mú ọ̀kan, èkejì kù sínú ìwé. Nírọ̀lẹ́, ẹni mẹ́ta ka owó inú àpótí lójú ara wọn, wọ́n sì fi í wé àwẹ́ tó kù. Nọ́ńbà MoMo, ìyẹn ti owó fífi ránṣẹ́ lórí fóònù, gbọ́dọ̀ wà lórúkọ ẹgbẹ́. Bí orúkọ ẹlòmíràn bá yọ lójú fóònù, olóore á dá owó rẹ̀ dúró, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá owó wẹ́wẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ méjì ṣáájú, nítorí ṣéńjì ṣọ̀wọ́n púpọ̀ lásìkò ọdún.

Ọyẹ́ tún wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè gbé àtíbàbà, nítorí náà ẹ fi okùn dè é mọ́ èèkàn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ dáná jìnnà sí koríko gbígbẹ, ẹ sì bo oúnjẹ nítorí eruku. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la bẹ̀rẹ̀, kí òtútù tó lé àwọn àgbà wọlé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a ka ìṣirò sétí gbogbo ẹni tó dáwó. Owó náà wà ní báńkì, ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó jáde, di oṣù kẹjọ tí a ó ra ìwé ní owó pọ́ọ́kú kí ọjà tó há.