Bí Àgbàlagbà Tó Ń Lo Digoxin Bá Ṣàdédé Ń Sọ Ìsọkúsọ

Bí màmá tó ń lo oògùn ọkàn bá ṣàdédé ń bá ẹni tí kò sí nínú yàrá sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ó ń ṣarán. Arán kì í dé láàárín ọjọ́ méjì.

Ẹ wo páálí oògùn rẹ̀. Digoxin ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí ìwọ̀n tó ń woni àti èyí tó ń ṣeni ní jàǹbá kò jìnnà síra. Ẹ ka nọ́ńbà ara páálí dáadáa: ẹni tó ń lo 125 máíkírógíráàmù lè ti ra 250 láìmọ̀. Kíndìnrín ló ń gbé digoxin jáde lára, nítorí náà ìgbẹ́ gbuuru àti àìmu omi tó lè mú kó pọ̀ lẹ́jẹ̀. Furosemide, oògùn tó ń múni tọ̀, máa ń dín pọtásíọ̀mù, èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, kù, ìyẹn sì ń mú kí digoxin ṣọṣẹ́ sí i. Clarithromycin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, náà ń mú kí digoxin pọ̀ lẹ́jẹ̀.

Ẹ bi í bóyá nǹkan ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè lójú rẹ̀, bóyá èébì ń gbé e. Ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ níhà àtàǹpàkò, kí ẹ ka bí iṣan ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí kò bá tó 60, tàbí tí kò lù déédéé, ewu ti pọ̀ sí i.

Iye yòówù kó jẹ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fún un ní digoxin mìíràn kí dókítà tó sọ̀rọ̀. Ẹ má sì fún un lóògùn oorun. Ẹ kó gbogbo oògùn rẹ̀ dání, títí kan àgbo. Ẹ sọ aago tó lò ó kẹ́yìn, torí àyẹ̀wò digoxin máa ń péye lẹ́yìn wákàtí 6. Ẹ ní kí wọ́n yẹ pọtásíọ̀mù, kíndìnrín, ṣúgà àti ìtọ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú.