Rìmóòtù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ máa ń fi rìmóòtù gbé bàlúù kékeré fò ní Àbújá níbí. Tẹ́ ẹ bá ti dé pápá, ẹ kọ́kọ́ tan rìmóòtù ọwọ́ yín, kẹ́ ẹ fa ọ̀pá eré, ìyẹn ọ̀pá orí rìmóòtù tó ń mú mọ́tò sáré, wálẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ tó ki bátìrì bọ bàlúù. Tẹ́ ẹ bá parí, bátìrì bàlúù lẹ máa kọ́kọ́ yọ. Rìmóòtù ló máa gbẹ̀yìn.

Lọ́dún tó kọjá, okùn tí mo fi gbé rìmóòtù kọ́rùn ló ti ọ̀pá eré sókè, mi ò sì mọ̀. Bí mo ṣe ki bátìrì bọ̀ ọ́ báyìí, fáànù iwájú ta, ó ya àtàǹpàkò mi. Ojú ibi tí wọ́n rán ò tíì tẹ́jú títí dòní.

Ẹ tún dán èyí wò nílé: ẹ yọ fáànù, ẹ tan rìmóòtù àti bàlúù, ẹ ti ọ̀pá eré sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ wá pa rìmóòtù. Mọ́tò gbọ́dọ̀ dúró fúnra rẹ̀. Tí kò bá dúró, ẹ má gbé e fò rárá, ẹ lọ tún failsafe rẹ̀ sẹ́tì, ìyẹn ètò tó ń dá mọ́tò dúró tí bàlúù ò bá gbọ́ rìmóòtù mọ́.

Tí bàlúù bá ti wà lókè, ẹ má na ṣóńṣó áńtẹ́nà rìmóòtù sí i. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ kéré jù, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jáde dáadáa.

Ẹ̀yin ará Lugbe, ẹ jọ̀ọ́, pápá ọkọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe ò jìnnà sí yín. Ẹ wá ibòmíràn.