Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbin hẹ́mpù ní Amẹ́ríkà, ìwé ìjọba ló kọ́kọ́, irúgbìn tẹ̀lé e

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ti ra ilẹ̀ sí Texas, North Carolina tàbí ibòmíì lọ́hùn-ún, tẹ́ ẹ ń gbọ́ pé hẹ́mpù ń mówó wọlé, ẹ̀yin la kọ èyí fún. Hẹ́mpù àti igbó, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ewé wọn jọra, òórùn wọn jọra, ọlọ́pàá tó bá fojú lásán wò ó ò lè mọ̀yàtọ̀. Ohun tí òfin fi yà wọ́n ò ju THC lọ, ìyẹn nǹkan tó máa ń yí ẹni tó bá fà á lórí. Òfin àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 2018 ló sọ pé èyí tí THC rẹ̀ ò bá ju 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tó bá gbẹ tán, hẹ́mpù ni. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, igbó ni wọ́n máa pè é, kò báà jẹ́ inú oko kan náà lẹ ti gé méjèèjì.

Ta ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì?

Ìpínlẹ̀ tó bá ní ètò tiẹ̀ tí USDA, ìyẹn iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀, sì ti fọwọ́ sí i, ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀gbìn níbẹ̀ lẹ máa lọ. Bí Texas ṣe rí nìyẹn, àwọn sì tún máa ń béèrè pé kẹ́ ẹ gba pámíìtì fún lọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn abala oko kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá gbìn, láísẹ́ǹsì nìkan ò tó. Ìpínlẹ̀ tí ò bá ní ètò, bíi North Carolina tó gbé tiẹ̀ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, USDA fúnra wọn ló ń fúnni. Ti USDA yìí, wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, ọdún mẹ́ta ló sì máa ń lò, torí náà tí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ mú owó wá kóun lè bá yín gba láísẹ́ǹsì USDA, jìbìtì ni o.

Ẹ máa nílò ìwé FBI tó fi hàn pé ẹ ò ní ẹjọ́ lọ́rùn. Dọ́là 18 ni, ẹ máa tẹ̀ka, ìwé náà ò sì gbọdọ̀ ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé tọkọtaya lẹ jọ ni kọ́ńpìnnì, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa ṣe é, àmọ́ fọ́ọ̀mánì tó ń bá yín rí sí oko ò nílò ẹ̀. Ẹni tí kóòtù bá ti dá lẹ́bi ẹjọ́ ńlá nípa oògùn olóró láàárín ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ò lè gbà á. Mo mọ ohun tí àwa kan máa rò, pé ká fi orúkọ àbúrò ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, torí ẹni tó bá purọ́ sínú fọ́ọ̀mù náà, òfin ti yọ ọ́ kúrò nínú ètò yìí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá gbìn ín tán, ẹ lọ fi iye éékà àti ibi tó wà tó FSA létí, ìyẹn ọ́fíìsì àwọn àgbẹ̀ tó wà ní kántì yín.

Àyẹ̀wò, ibi tí wàhálà wà

Láísẹ́ǹsì ò lè gbà yín tí irè oko yín bá fèèlì. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ kẹ́ ẹ tó kórè, ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí máa wá gé díẹ̀ lára ẹ̀ fún àyẹ̀wò, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa gé e. Òkè igi níbi tí òdòdó wà ló ti máa gé e, íǹṣì márùn-ún sí mẹ́jọ, ibẹ̀ náà sì ni THC pọ̀ sí. Ní láàbù, kì í ṣe THC tó ti wà níbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kà, torí THCA náà wà, iná ló máa ń sọ ọ́ di THC, wọ́n á fi 0.877 ṣe ìlọ́po THCA, wọ́n á wá ro ó pọ̀ mọ́ THC. Ẹ ṣọ́ra dáadáa níbí, torí ìwé tí ẹni tó ń ta irúgbìn bá fi hàn yín lè jẹ́ THC nìkan ló kọ síbẹ̀.

Láàbù máa ń kọ ìwọ̀n tí àyẹ̀wò náà fi lè yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èsì. Tí wọ́n bá kọ 0.35, tí wọ́n ní ó lè fi 0.06 yẹ̀, á jẹ́ pé ó lè jẹ́ 0.29, ó lè jẹ́ 0.41. 0.3 wà láàárín wọn, ẹ ti yege. Tó bá jẹ́ 0.40 ni wọ́n kọ, 0.34 ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ti fèèlì nìyẹn.

Tó bá fèèlì, ẹ lè já gbogbo òdòdó kúrò kẹ́ ẹ bà á jẹ́, kẹ́ ẹ sì fi igi àti irúgbìn sílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ lọ gbogbo ẹ̀ pọ̀ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa tú u mọ́ ilẹ̀, ẹ máa rì í tàbí kẹ́ ẹ sun ún. Tí THC ò bá ju 1.0 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tẹ́ ẹ sì sa ipá yín, wọn ò ní kà á sí àìbìkítà. Ẹni tó bá jẹ̀bi àìbìkítà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún márùn-ún ò ní gbin hẹ́mpù fún ọdún márùn-ún míì. Àwọn tó ń gbìn ín torí CBD, ìyẹn èròjà inú òdòdó hẹ́mpù tí kì í yíni lórí bíi THC, lọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí bí òdòdó ṣe ń gbó tí CBD ń lọ sókè ni THC náà ń bá a lọ.

Owó àti ọ̀nà

Ẹ rí ẹni tó máa rà á kẹ́ ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan oko, kó sì wà nínú kọ́ńtíráàkì. Lọ́dún 2019 gbogbo èèyàn sáré wọ CBD, ọjà kún, owó já, òdòdó sì wà nílẹ̀ nínú àbà àwọn àgbẹ̀. Ẹ má sì gbójú lé insọ́ráǹsì, wọn kì í sanwó tó bá jẹ́ pé THC tó ga jù ló ba oko jẹ́.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ, kí fọ́tòkọ́pì láísẹ́ǹsì àti èsì láàbù wà nínú ọkọ̀. Òfin 2018 sọ pé ìpínlẹ̀ kan ò lè dí hẹ́mpù tó bófin mu lọ́nà, síbẹ̀ ní January 2019 ọlọ́pàá Idaho gba nǹkan bíi páùn 6,700 lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń gbé e láti Oregon lọ sí Colorado, wọ́n sì ti awakọ̀ náà mọ́lé. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò bá tíì pé, kó lọ bá lọ́yà tó mọ̀ nípa ìgbélùú kó tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹjọ́ oògùn olóró lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Ẹ má fi irúgbìn ránṣẹ́ sílé o. Òfin Nàìjíríà láti 1966 ò béèrè iye THC rárá, ohun gbogbo tó bá ti jẹ́ ìdílé cannabis ni, ẹ̀wọ̀n gbére sì wà nínú òfin NDLEA fún ẹni tó bá gbìn ín. Lóòótọ́, Akeredolu lọ sí Thailand ní 2019 nígbà tó wà nípò gómìnà Oǹdó, láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń gbìn ín fún oògùn, àmọ́ ìrìn àjò ò yí òfin padà.

Ohun kan tún wà nílẹ̀. Òfin tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní 12 November 2025 ti fi àpapọ̀ THC, tó fi mọ́ THCA, sínú ìtumọ̀ hẹ́mpù fúnra ẹ̀, ó sì fi ìwọ̀n 0.4 mílígíráàmù sí ọjà tí wọ́n bá ṣe jáde, fún páálí tàbí ìgò kan. Ọdún kan lẹ́yìn ìbuwọ́lù ló máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ń gbìn ín fún okùn tàbí irúgbìn, kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Tó bá jẹ́ òdòdó lẹ fẹ́ tà, ẹ bi oníbàárà yín léèrè ohun tó máa fi ṣe lẹ́yìn November 2026, kó sì kọ ìdáhùn ẹ̀ sínú kọ́ńtíráàkì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.